Ihò tí a dá sí òrùlé nítorí ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ìjì ń gbà ṣí ilé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú ìlú. Mo máa ń ka ìwé ìròyìn yín dáadáa, mo sì rí i pé lọ́dọọdún tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ń gbé àwòrán ilé tí ìjì ṣí lórí jáde, yálà ní Àkúrẹ́ níbí ni o, tàbí Oǹdó, tàbí Ọ̀wọ̀, tàbí Ìkàrẹ́, ẹ ó sọ ohun tó bàjẹ́, ẹ ó sọ pé àwọn onílé ń bẹ ìjọba kó ṣàánú àwọn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn, iṣẹ́ yín lẹ ń ṣe. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé mi ò tíì rí i kà nínú ìròyìn yẹn rí, ibi tí ìjì gbà wọlé. Èmi tí mò ń kan páànù nílùú yìí láti ìgbà tí mo ti gba fúríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo mọ ibi tó máa ń gbà, ó sì ń dùn mí pé a kì í sọ ọ́.

Nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń pè mí lẹ́yìn ìjì, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, tíráńsípárẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí a máa ń fi sáàárín páànù kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ páséèjì. Mo sì ń fi ti gíláàsì kún un, èyí tí àwọn tó rí owó díẹ̀ ń gbé sórí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí sórí pálọ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní skylight. Tí èyí bá fọ́ tàbí tó bá ká, onílé á ní, á à, tíráńsípárẹ́ǹtì lásán ni, a máa ra òmíràn. Kì í ṣe lásán, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ kí gbogbo onílé tó bá ń ka èyí mọ̀ pé ibẹ̀ ni òrùlé rẹ ti rọ jù, ibẹ̀ ni ìjì máa kọ́kọ́ dán wò, tó bá sì rí i gbé, páànù tó kù máa tẹ̀ lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní ká má lò ó o. Ẹni tó bá ti gbé nínú ilé fẹ́ẹ̀sì-mí-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ ní Ìsìnkàn tàbí Òkè-Àró mọ bí páséèjì ṣe máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ìyá àgbà á máa fi ọwọ́ tá ògiri kó tó dé ilé ìdáná, ọmọ á kọsẹ̀ lára bọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná kì í sábà wà, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti wọ́n kọjá ohun tí èèyàn lè máa sun nítorí páséèjì. Nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, ohun tó dáa ni, èmi fúnra mi ń dá àwọn oníbàárà mi nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi síbẹ̀. Bí a ṣe ń kàn án ni ẹjọ́ mi wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí atẹ́gùn ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ńṣe ló ń tẹ òrùlé mọ́lẹ̀. Rárá o. Tí ìjì bá ń sáré kọjá lórí páànù, sókè ló ń fà á, igun ilé àti etí páànù àti òkè téńté níbi tí apá méjèèjì ti pàdé ni ó ti ń fà jù. Tí eré atẹ́gùn bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń fà á máa di ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe méjì, ìdí nìyẹn tí ilé tó ti dúró fún ọdún pípẹ́ fi lè ṣí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìjì kàn le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Wàyí o, tíráńsípárẹ́ǹtì wọ abẹ́ páànù ti apá kan, ó sì gun orí ti apá kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ di ara wọn mú ni. Tí ti àárín bá já, etí páànù méjèèjì tó kù ti gba afẹ́fẹ́ nìyẹn, ìjì á wọ abẹ́ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ká a láti etí lọ, ìṣó kan á yọ, èkejì á yọ, kó tó ṣẹ́jú pẹ́ gbogbo apá yẹn ti lọ. Èyí tó tún burú ni pé tí ojú tó là náà bá wà ní apá tí ìjì ń kọjú sí, tàbí tí wíńdò tàbí ilẹ̀kùn kan bá tún wà ní ṣíṣí nísàlẹ̀, atẹ́gùn á rọ́ wọnú ilé, kò ní rí ibi jáde, á wá máa ti àjà láti ìsàlẹ̀ nígbà tí ti ìta ń fà á láti òkè. Òrùlé wo ló fẹ́ dúró fún ìyẹn?

Ilé kan wà lọ́nà Ọ̀dà tí wọ́n pè mí sí, ilé tuntun, páànù gígùn tí wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀ngì-sípáàn ni wọ́n fi bò ó, aláwọ̀ pupa, ẹni tó ni ín kò sí nílé, àwọn ayálégbé ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi tíráńsípárẹ́ǹtì gígùn méjì sórí pálọ̀. Nígbà tí mo gun òkè, mo rí i pé apá ibi tí wọ́n wà nìkan ni páànù ti lọ, apá kejì ilé náà kò mira. Igi tó wà lábẹ́ tíráńsípárẹ́ǹtì jìnnà síra wọn bákan náà bí ti abẹ́ páànù, ìṣó lásán ni wọ́n fi kàn án, ìṣó tó ti dáhò fẹ̀fẹ̀ sára rẹ̀. Páànù tó bá a lọ wà nínú ọgbà aládùúgbò, ó ti ká bí ẹní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tánkì omi wọn jẹ́. Òjò wá ṣe èyí tó kù, ó rọ̀ sórí sílíìnì, sílíìnì rọ̀, ó wó lé àga àti tẹlifíṣọ̀n àwọn èèyàn. Ohun tí wọ́n pàdánù nínú yàrá yẹn ju owó tíráńsípárẹ́ǹtì lọ lọ́nà tí mi ò lè ṣírò.

Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, ẹnìkan máa ń sọ pé hóríkéènì ti Amẹ́ríkà ló ń ṣe irú ìyẹn, tiwa kì í ṣe hóríkéènì. Òótọ́ ni pé tiwa kì í ṣe hóríkéènì. Orí omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni hóríkéènì ti ń jẹun, kó tó jẹ́ hóríkéènì, atẹ́gùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan, èyí tó le jù, tí wọ́n ń pè ní ipele 5, máa ń kọjá 250. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ìlú kan. Ìjì tiwa ń ti ìlà-oòrùn wá, ojú ọ̀run á ṣú dùdù, eruku á dìde, atẹ́gùn á fẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kí òjò tó dé, ó ti tán. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé nínú àwọn hóríkéènì ńláńlá tó ń lọ ba Amẹ́ríkà jẹ́, púpọ̀ nínú wọn, láti apá ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni èso wọn ti gbéra, ìdàrúdàpọ̀ afẹ́fẹ́ tó ń rìn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn gba orí ilẹ̀ wa, tó bá wọ òkun ní apá Senegal àti erékùṣù Cape Verde, tí omi ibẹ̀ bá lọ́ tó, á wá máa dàgbà. Láti oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún. Kì í padà sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n páànù kò mọ orúkọ ìjì, agbára tó ń fà á nìkan ló mọ̀, ìṣó tí a kàn dànù náà kò nílò hóríkéènì kó tó yọ.

Ìdí tí mo fi ń mẹ́nu kan tiwọn ni pé wọ́n ti jìyà rẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ ọgbọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Florida, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kan òrùlé ló ń bá ṣiṣẹ́, a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, nítorí náà mo máa ń bi í léèrè dáadáa. Ó sọ fún mi nípa hóríkéènì Andrew tó kọlu gúúsù Florida ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1992, ilé tó lé ní 25,000 ló pa rẹ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ilé náà wò, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ìjì ti rí ojú kan fọ́ ná, wíńdò, ilẹ̀kùn gáréèjì, gíláàsì, kí òrùlé tó lọ. Látìgbà náà, ní agbègbè Miami-Dade ní Florida níbẹ̀, wíńdò tàbí gíláàsì orí òrùlé tí wọ́n bá fẹ́ fi sí ilé tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti dán wò, tàbí kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ti dán wò bò ó. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ni pé wọ́n á fi ẹ̀rọ yin igi 2 by 4 tó wúwo tó kìlógíráàmù 4 lù ú, ní eré ìwọ̀n mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà wọ́n á tún máa fi afẹ́fẹ́ tì í, wọ́n á fà á, ìgbà 9,000. Tó bá là á já, wọ́n á fún un ní ìwé. Ní ọdún 2002, gbogbo ìpínlẹ̀ Florida wá ní òfin ilé kíkọ́ kan ṣoṣo. Igi 2 by 4 yẹn máa ń wọ̀ mí lára tí mo bá rántí rẹ̀, torí igi tí èmi ń lò lójoojúmọ́ nìyẹn, mo sì mọ̀ pé tí ìjì bá gbé e, ohun tó máa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ó ní àwọn tó ní gíláàsì àtijọ́ lórí òrùlé tí kò nírú ìwé yẹn, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ìjì ń bọ̀, wọ́n á fi pláíwúùdù tó nípọn bò ó láti ìta, kì í ṣe ìgbà yẹn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi o, wọ́n ti gé e sílẹ̀, wọ́n ti lu ihò rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti kọ orúkọ ibi tó ń lọ sí ara rẹ̀, bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń dè é mọ́ férémù. Àwọn kan máa ń fi téèpù ṣe àgbélébùú sójú gíláàsì, ó ní kò wúlò rárá, gíláàsì á ṣì fọ́, àfọ́kù rẹ̀ á wá jẹ́ gànǹgàngànǹgàn tí í pani lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti rí téèpù yẹn ní Alágbàká níbí lójú gíláàsì kan, nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ tiwa. Kí lẹ ń rà? Lójú ọjà, tíráńsípárẹ́ǹtì tó wọ́pọ̀ tó sì rọjú ni èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe àti èyí tó jẹ́ ike lásán. Oòrùn Àkúrẹ́ máa ń jẹ wọ́n. Ní ọdún díẹ̀, á pọ́n, á ṣú, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ torí ẹ̀ rà á á dínkù, ara rẹ̀ á gan, tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ á dún, á sán. Èyí tó ti dà báyìí, ìjì kékeré ló ń wá, yìnyín gan-an lè lù ú dáhò. Èyí tí mo fẹ́ràn ni irú ike kan tó le, polycarbonate ni wọ́n ń pè é, ó wọ́n díẹ̀ jù wọ́n lọ ṣùgbọ́n ó lágbára gan-an, ẹ lè fi òòlù lù ú kó má fọ́. Àmọ́ ó ní ojú tó yẹ kó kọ sí oòrùn, wọ́n fi nǹkan kan ra ojú kan yẹn kí oòrùn má baà jẹ ẹ́, ara rọ́bà tí wọ́n fi bò ó ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ya rọ́bà yẹn dànù kí wọ́n tó gbé e gòkè, tí kò sẹ́ni tó mọ ojú wo ni ojú wo mọ́. Ẹ má gbà. Ẹ dúró ti káfíńtà yín kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Ní ti gíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, mo bẹ̀ yín nítorí àwọn ọmọ yín. Ẹ wo gíláàsì ọkọ̀. Ti iwájú, tí òkúta bá bà á, á là, àmọ́ á ṣì dúró sójú ààyè rẹ̀, torí gíláàsì méjì ni, rọ́bà kan wà láàárín wọn tó so wọ́n pọ̀. Ti ẹ̀gbẹ́, tó bá fọ́, á wó lulẹ̀ wóróworo. Gíláàsì lásán ti wíńdò, àfọ́kù bí ọ̀bẹ ló máa ń dà. Èyí tó yẹ kó wà lórí òrùlé ni irú ti iwájú ọkọ̀, laminated ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì wo etí gíláàsì náà kó tó dé ilé yín, ẹ máa rí ìlà tó pín in sí méjì. Àwọn kan á sọ pé ẹ gba èyí tó nípọn, pé ìpọn ti tó. Kò tó. Gíláàsì nínípọn tó fọ́ láti òkè, àfọ́kù tó wúwo ló máa bọ́ sórí ẹni tó ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ibi tó kàn ni kíkàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà ti fetí sílẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ pàápàá. Tíráńsípárẹ́ǹtì kì í lágbára bíi páànù, nítorí náà igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà síra bíi ti páànù, ẹ fi 2 by 3 míì sáàárín, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Súkúrù ni kí ẹ lò, ẹ má lo ìṣó tó ń dán lásán. Ìjì kì í fa nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́, ó ń fà ó ń jù sílẹ̀, ó ń fà ó ń jù sílẹ̀, ìṣó tó ń dán á máa yọ díẹ̀díẹ̀, súkúrù ní eyín tó fi ń di igi mú. Ẹ fi díríìlì lu ihò rẹ̀ ná, kí ihò náà fi díẹ̀ tóbi ju súkúrù lọ, torí ike máa ń gbòòrò nínú oòrùn ọ̀sán, á sì súnkì lálẹ́, tí kò bá rí àyè tí á fi mira, á là láti ibi súkúrù yẹn, ìlà kékeré tí ẹ ò ní rí nísàlẹ̀ lónìí ni ìjì máa fà ya lọ́la. Wáṣà gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí rọ́bà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fún un pa débi tí ara rẹ̀ á fi wọ inú. Ibi tí ìgbì páànù ga sí ni kí ẹ kàn án mọ́, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Ní etí ìsàlẹ̀ àti ní òkè téńté, ẹ kàn án súnmọ́ra ju ti àárín lọ. Tí mo bá lè yàn, mi ò ní fi tíráńsípárẹ́ǹtì sí etí ilé tàbí sí igun rárá, ẹ gbé e wọnú díẹ̀, níbi tí ìjì kì í ti fà púpọ̀.

Ó tún ku abẹ́. Mo ti rí ilé tí gbogbo súkúrù rẹ̀ dáa tó jẹ́ pé gbogbo igi òrùlé látòkè délẹ̀ ló gbéra lórí ògiri, torí wọ́n kàn gbé wáàlì pléètì, igi tí òrùlé jókòó lé lórí ògiri, lé búlọ́ọ̀kù ni, wọn ò so ó mọ́ nǹkan kan. Ó yẹ kí bíríkìlà yọ irin sílẹ̀ láti inú líńtẹ̀lì nígbà tó ń da kọnkéré, kí káfíńtà fi irin yẹn di igi mọ́lẹ̀. Bíríkìlà á ní iṣẹ́ káfíńtà ni, káfíńtà á ní nígbà tí òun dé kò sí irin. Ẹ̀yin onílé, ọ̀rọ̀ yìí kò gba àwíjàre, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó da líńtẹ̀lì.

Mo tún fẹ́ sọ ti búlọ́ọ̀kù àti táyà tí àwọn èèyàn ń kó sórí páànù àtijọ́. Ẹ dúró ní ibi tó ga ní Òkè-Àró kí ẹ wo òrùlé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí òkúta, búlọ́ọ̀kù, táyà, irin kẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ lórí páànù tó ti dógùn-ún. Ìṣó rẹ̀ ti jẹ, ni wọ́n ṣe gbé ẹrù lé e. Tí ìjì bá gbé páànù yẹn, búlọ́ọ̀kù á yọ́ bọ́, orí tíráńsípárẹ́ǹtì aládùúgbò tàbí orí ọmọ tó ń sáré wọlé ló máa bọ́ sí. Ẹ tún kàn án. Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò àti igi fúrúùtù tó ti gùn bo òrùlé kí òjò tó dé, kí ẹ sì wo páànù ṣọ́ọ̀bù tó ń fò pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ní iwájú ilé, àwọn nǹkan báwọ̀nyí ni ìjì ń sọ di òkò.

Ìgbà wo ló yẹ ká ṣe gbogbo èyí? Nígbà ọyẹ́. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni ìjì àkọ́rọ̀ wa máa ń le jù, ó tún máa ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá nígbà tí òjò bá ń kógbá sílé. Oṣù kìíní àti oṣù kejì, orí páànù gbẹ, àwa káfíńtà kò sì rí iṣẹ́ púpọ̀, ẹ lè pè wá lówó pọ́ọ́kú. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gòkè kó yẹ súkúrù wò, kó wo rọ́bà tó ti gbẹ, kó wo ibi tó ti sán. Tí òjò bá sì dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, kó tún gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Àjọ tó ń wo ojú ọjọ́, NiMet, máa ń sọ bí òjò ọdún ṣe máa rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò, a kàn máa ń rò pé àwọn àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bá wí. Àwọn àgbà ní ìjì tó ń gbé ọlọ, kí ẹlẹ́lùbọ́ tètè palẹ̀ mọ́.

Ẹni tí kò bá lówó láti pààrọ̀ tíráńsípárẹ́ǹtì rẹ̀ lọ́dún yìí, ọ̀nà ṣì wà. Kó ra pláíwúùdù tàbí páànù ògbólógbòó tó ṣì le, kó gé e ní ìwọ̀n tó ju ojú ibẹ̀ lọ díẹ̀, kí káfíńtà fi súkúrù dè é mọ́ igi, kó bò ó ní oṣù tí ìjì le jù, kó ṣí i lẹ́yìn náà. Páséèjì á ṣókùnkùn fún ìwọ̀nba oṣù, mo mọ̀, kò dùn mọ́ mi láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà tó ń tá ògiri. Àmọ́ ìyẹn dáa ju kó sùn lábẹ́ ọ̀run lọ.

Tí ìjì bá ti dé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun òkè mọ́, bó ti wù kó rí. Mo ti rí bàbá kan tó fẹ́ lọ fi ọwọ́ di páànù mú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló fà á lẹ́sẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ti wíńdò àti ilẹ̀kùn pa, títí kan ti àwọn yàrá inú, torí yàrá tó bá wà ní títì kì í jẹ́ kí atẹ́gùn tó wọlé lè ti gbogbo àjà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan gbàgbọ́ pé tí a bá ṣí wíńdò ẹ̀yìn, ìjì á kọjá lọ ní tiẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣe lẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ kúrò lábẹ́ gíláàsì àti tíráńsípárẹ́ǹtì, ẹ kó ọmọ lọ sí yàrá tó wà láàárín ilé, kí ẹ sì pa súìṣì iná ńlá, torí omi tó bá gba sílíìnì wọlé máa ń bá waya pàdé.

Èyí tó kù, àwọn tó wà nípò ni mo fẹ́ fi bá sọ. Orílẹ̀-èdè yìí ní òfin ilé kíkọ́ láti ọdún 2006. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá wo ilé tí a ń kọ́, ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè, ìwé ni wọ́n ń bèèrè, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí wọ́n gbé ojú sókè pẹ̀lú. Kí wọ́n bèèrè ohun tó so wáàlì pléètì mọ́ ògiri, kí wọ́n bèèrè irú gíláàsì tó wà lórí àtẹ̀gùn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, torí ìrọ̀lẹ́ ni ìjì wa sábà máa ń jà, nígbà míì àwọn ọmọ lẹ́sìnnì ṣì wà ní kíláàsì. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó fi tíráńsípárẹ́ǹtì gbọọrọ ṣe òrùlé gbọ̀ngán, àwọn ṣọ́ọ̀bù ọjà tó so pọ̀ láti òpin dé òpin, kí wọ́n yẹ wọ́n wò, torí tí ọ̀kan bá ká, ìlà kan ló ń ká. Ẹgbẹ́ káfíńtà wa náà lè ṣe tiwa. Kí ọmọ iṣẹ́ tó gba fúríìdọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kó kan tíráńsípárẹ́ǹtì níwájú wa, kí ọ̀gá gùn ún lọ wò ó, kó fi ọwọ́ fà á láti abẹ́, tó bá mira, kó tú u kó tún un kàn.

Ẹ̀yin Olóòtú, tí ẹ bá tún lọ ya àwòrán ilé tí ìjì ṣí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bi káfíńtà tó wá tún un ṣe pé ibo ló kọ́kọ́ já, kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà onípáànù kan,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.